Owó Orí Mi, Kí Oṣù Tó Parí

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Táòfíkì ajẹ́ǹtì pè mí kí n tó dé ibi iṣẹ́. Ó ń gba ààwẹ̀, ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní, "Àǹtí, lánlọ́ọ̀dù Sábó ní ẹ ò lè wọlé bẹ́ẹ̀ o." Kí ló dé? Bàbá náà wo ìwé owó oṣù mi, ó rí i pé owó akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ kò lè san ilé òun. Mo ní kó sọ fún wọn pé mo ní iṣẹ́ mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn gan-an ló wá bà á jẹ́. Bàbá ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ni gbogbo ọmọ yahoo ti ń ṣiṣẹ́. Bí tèmi bá mọ́, kí n mú ìwé ìjọba wá pé mo ń san owó orí lórí rẹ̀. Wọ́n á fi yàrá náà dè mí títí oṣù yìí á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ẹlòmíràn.

Yàrá kan péré. Balùwẹ̀ tirẹ̀. Fèrèsé tó kọjú sí igi àgbálùmọ̀. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé èmi nìkan ni n ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ — mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ara mi ti ń yá gágá.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lèmi àti Màámi ṣì ń sùn ní Sùúrùlérè níbí. Jídé àbúrò mi ló ni yàrá kejì, torí pé òun ni ọkùnrin. Kánádà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Ó pẹ́ tó ti ń lọ sí Kánádà, kò tíì kọjá Ojú Ẹlẹ́gbà. Owó tí mo kọ́kọ́ rí lórí iṣẹ́ yìí, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi han Màámi. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti wọ inú ìwé ìrìnnà Kánádà. Mo ti gbọ́n láti ìgbà náà. Wọ́n rò pé fíìmù lásán ni mò ń fi kọ̀ǹpútà wò. Fíìmù náà ni lóòótọ́ — ṣùgbọ́n mò ń kọ òyìnbó sábẹ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè bá wa rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbé fíìmù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń sanwó fún mi.

Ọjọ́rú, 4

Mo ya ọ̀dọ̀ Rótìmí ní Yábàá. A jọ kàwé ni. Òun ló ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ìṣirò wọn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, oorun ń kùn ún lórí àga. Mo ní ṣé ẹni tó ń rí owó péréte bíi tèmi náà ń san owó orí? Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ti ń yọ ti owó oṣù mi fúnra wọn. Èyí tí mò ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi fúnra mi ni kí n lọ kéde rẹ̀ lójú òpó ìjọba, ti ọdún tó kọjá, kó tó di pé oṣù yìí parí. Bó kéré, kí n kéde rẹ̀. "Kò nira, Moyọ̀. Ìdajì wákàtí."

Ọjọ́bọ̀, 5

Ìdajì wákàtí ló pè é o. Ojú òpó náà kò tilẹ̀ ṣí. Mo ti sọ ọ́ ní Mégáàdì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mégáàdì ṣílẹ̀kùn lónìí, ó bi mí ní ìbéèrè kan, ó tún tì í padà. Orúkọ mi ní báǹkì kò bá ti nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi mu. Moyọ̀sọ́lá ni mí, báǹkì kọ ọ́ ní Moyosora. Ta ni Moyọ̀sọ́rá? Ta ló ń yọ̀ sí ọ̀rá?

Mo lọ sẹ́yìn ilé, nídìí táńkì omi, mo pe Rótìmí. Ṣọ́ọ̀bù ìdirun Màámi kún níwájú, fèrèsé Kánádà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí Kánádà bá gbọ́ "tax" lẹ́nu mi, ó parí. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò lówó kì í san án. Mo wá fi ọgbọ́n pè é ní ojúlówó Yorùbá, bí ìgbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ mi. Mo ní: Rótìmí jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó orí mi yẹn, kò gbọdọ̀ kọjá oṣù yìí o. Mi ò fẹ́ kí Màámi gbọ́ sí i rárá. Bó bá fi lè kọjá oṣù yìí, mo gbé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kò ní kọjá oṣù yìí.

Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Nǹkan kan ń ṣe Màámi. Wọ́n já korobá omi gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀. "Ta ló ní kó o gbé nǹkan tó wúwo?" Èmi tí mo ti ń pọnmi nílé yìí kí n tó mọ̀wé. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n po mílíìkì fún mi, ó ki dáadáa. Wọ́n ní yóò mú egungun le. Egungun ta ni? Kánádà ní kí wọ́n po tòun náà, wọ́n lé e.

Mo mu ún. Ó dùn. Mi ò wádìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Báǹkì ti gba ọ̀rá kúrò lára orúkọ mi. Mégáàdì wá bi mí: irú iṣẹ́ wo lo ń ṣe? Ó kó iṣẹ́ sílẹ̀ kí n mú ọ̀kan. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà, awakọ̀, gẹrígẹrí. Kò sí ẹni tó ń kọ òyìnbó sábẹ́ fíìmù. Mo béèrè lọ́wọ́ Rótìmí, ó ní kí n mú "iṣẹ́ mìíràn".

Iṣẹ́ mìíràn. Ó dùn mí díẹ̀. Èmi tí mo lè fi òyìnbó sọ "ojú gbà mí tì" kí ojú sì ti ẹni tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo ti mọ ohun tó ń ṣe Màámi. Mo gbé.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá bí ìṣe mi. Àǹtí Sìdíkàt, oníbàárà wọn, jókòó sílẹ̀, wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, apá kejì dúró gangan. Ó fò dìde, ó gbá mi mọ́ra. "Ìyàwó! Ìyàwó wa! Ẹ kú oríire o!" Àwọn tó kù gbè é. Mo ní ìyàwó ta ni? Màámi kò wojú mi. Irun tí wọ́n ti yà tán ni wọ́n tún ń fi òòyà yà.

Màámi tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Wọ́n ní àwọn wá bu omi ní Sátidé, àwọn sì gbọ́ mi nídìí táńkì. Àwọn gbọ́ pé owó orí mi ni à ń sọ. Pé kò gbọdọ̀ kọjá oṣù yìí. Pé mi ò fẹ́ kí àwọn gbọ́. "Moyọ̀, èmi ni mo bí ẹ. Oṣù mélòó ni?"

Mo ní oṣù mélòó ni kí ni?

Wọ́n wo ikùn mi.

Mílíìkì. Korobá omi. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́ — Kánádà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó na etí. Bí mo bá sọ pé owó orí ìjọba ni, mo ti sọ pé mo lówó. Bí mo bá sọ pé mo lówó, wọ́n á bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, yàrá Sábó á sì jáde. Mo pa ẹnu dé. "Mi ò lóyún, mà" nìkan ni mo rí sọ. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú wọn kò gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ti rò pé ojú àwọn kò ní rí ọjọ́ tí wọ́n á san owó orí mi.

Mo sá fún "tax", mo kó sọ́wọ́ owó orí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ẹyin lohùn. Tèmi ti fọ́, wọ́n ti ń fi dín ẹyin jẹ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Màámi jáde sídùúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti mú ẹ̀gàn àwọn kúrò. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà.

Èmi ni ẹ̀gàn náà. Mi ò mọ̀ títí di òní. Mo ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú Bíbélì. Inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì ṣe mí, méjèèjì pọ̀ nínú mi débi pé mi ò lè dìde, mi ò sì lè jókòó dáadáa.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni Bàbá Àkàngbé, àbúrò bàbá mi, pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ ta ni? Ará ibo ni? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ? Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. "Owó orí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó máa gbà á lẹ́yìn mi." Màámi ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n máa bọ̀. Wọn ò ní rí ẹnì kankan.

Ọjọ́rú, 18

Rótìmí pè mí, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Màámi ti yọ nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù mi, wọ́n sì pè é. Wọ́n ní ṣé òun ló fẹ́ san owó orí Moyọ̀sọ́lá ọmọ àwọn? Ó rò pé mo ti sọ fún wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, a ti fẹ́ parí ẹ̀. Wọ́n ní èló ni. Ó ní kò tó nǹkan mà, owó kékeré ni. Wọ́n ní, "Owó kékeré? Lórí ọmọ tí mo rán lọ sí Poly?" Rótìmí wá ń tù wọ́n nínú: kí wọ́n má jẹ́ kó dùn wọ́n, bó bá dọdún tó ń bọ̀ ó lè pọ̀ sí i, nítorí lọ́dọọdún ni a ó máa san án. Wọ́n ní lọ́dọọdún? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà, títí a ó fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n já fóònù mọ́ ọn létí.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un, ẹ̀rín tirẹ̀ náà gbẹ. Ó ní, "Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Mo délé, Màámi kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ máa háyà ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún bí ilé.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo kí Táòfíkì kú ọdún. Ó fèsì pé tọkọtaya kan ti wá wo yàrá mi, lánlọ́ọ̀dù sì fẹ́ràn wọn. Ta ni kì í fẹ́ràn tọkọtaya?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Mo ti kéde. Mo ti san án. Nínú ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ṣe é, nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ìlà ìparí ọjọ́. Owó náà kéré lóòótọ́, dátà tí mo jó lẹ́nu ọ̀nà Mégáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ. Ìwé ẹ̀rí kò tíì jáde. Mégáàdì ní kí n máa retí.

Ṣùgbọ́n orúkọ mi àti iṣẹ́ mi wà lójú ewé kan náà, orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, ti ọkọ kò sí níbẹ̀. Mo wò ó títí ọ̀gá fi béèrè pé ṣé ara mi yá.

Ọjọ́bọ̀, 26

Mo ti sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo nígboyà. Orí mi wà láàárín itan Màámi ni.

Wọ́n ní kí n wá jókòó, Bàbá Àkàngbé ń bọ̀ lọ́túnla, mi ò lè gbé irú orí yìí síwájú àlejò. Mo jókòó sórí àpótí, wọ́n fi orúnkún há mi lọ́tùn-ún lósì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣùkú. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń di irun fún, kò sí ibi tó lè sá lọ. Kánádà ti jáde. Wọ́n dì í dé ìkẹta, wọ́n ní: "Ọkùnrin tó ń san owó orí lọ́dọọdún, irú ọkùnrin wo nìyẹn?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò, ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún. Mo ní kò sí ọkùnrin. Owó orí ìjọba ni. Mo sọ ti fíìmù. Mo sọ ti owó tí mò ń tọ́jú tí mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo sọ ti yàrá Sábó.

Ọwọ́ wọn dúró nínú irun mi.

"Ta lo fẹ́ bá gbé níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Mo ní wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Mo ní mo kàn fẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tèmi. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, mo nífẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ti rẹ̀ mí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ síta, ó dún bí ọ̀rọ̀ ọmọ burúkú. Wọ́n fi òòyà sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Apá kan orí mi dì, apá kejì dúró gangan.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Mo wé sìkáàfù lọ síbi iṣẹ́. Màámi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo kí wọn. Kò sí mílíìkì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Màámi pè mí láàárọ̀, wọ́n nawọ́ sí àpótí. Wọ́n parí orí mi. Ó le, ó ń fà mí lójú.

Bàbá Àkàngbé dé pẹ̀lú agbádá funfun, wọ́n gbé iṣu méjì lọ́wọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n wo yàrá ìgbàlejò yíká. "Àwọn àna wa dà?" Mo ti múra pé Màámi yóò jù mí sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi náà ni.

Màámi kúnlẹ̀. Wọ́n ní: "Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo ṣì í gbọ́. Owó orí ìjọba lọmọ ń sọ, ti ìyàwó ni mo gbọ́."

Àwọn nìkan ló gba ẹ̀bi náà. Bàbá Àkàngbé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n ní ìyàwó wa, etí yín ti di ti àgbà. Èmi ni mo wá sọ ti yàrá, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rín wọn gé. Ọmọbìnrin? Kó dá gbé? Ní Èkó? Wọ́n ní láti ilé bàbá, ilé ọkọ ló kàn, kò sí ibùdókọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Wọ́n nàka sí mi: mi ò ní kúrò nílé yìí àfi bí ẹnì kan bá wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn.

Mo wo ilẹ̀. Mo ti rò pé ó parí.

Màámi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn wọn kò ga. Wọ́n ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé owó orí mi wá sílé bàbá mi. Ẹ san án pé. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní ẹ ó tọ́jú mi. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kú, ta ni mò ń bá gbé? Ìgbà wo lẹ dé ilẹ̀kùn yìí kẹ́yìn?"

Bàbá Àkàngbé tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n ní kò le tó bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Wọ́n jẹun, wọ́n gba owó ọkọ̀, wọ́n lọ. Wọn ò dárúkọ yàrá mọ́.

Kánádà jáde láti yàrá rẹ̀. "Àǹtí Moyọ̀, ẹ wá lówó tó báyìí tẹ́ ẹ ń wò mí níran?" Màámi ní kó lọ fọ abọ́.

Èmi ni mo wọ yàrá lọ sunkún. Mo ti ń bínú sí obìnrin yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò mọ̀ pé inú túbú kan náà la jọ wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31

Ìwé ẹ̀rí jáde. Mo fi ránṣẹ́ sí Táòfíkì lójú ẹsẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wọ awò ojú, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó bi í pé kí ni "iṣẹ́ mìíràn". Táòfíkì ní òun sọ pé tíṣà òyìnbó ni mí. Ìyẹn kò jìnnà sí òótọ́. Lánlọ́ọ̀dù gbà, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹrin

Yàrá mi ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Mo tún tì í. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mò ń ṣe.

Láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù kún fún àwọn tó fẹ́ dirun ọdún Àjíǹde. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà gbé ẹrù jáde. Iwájú wọn ni. Mo gbé báàgì, mo gbé kọ̀ǹpútà, Kánádà gbé mátírẹ́ẹ̀sì lé orí. Àǹtí Sìdíkàt ló béèrè: Ìyàwó, kí ló dé, a ò rí àwọn àna, a ò gbọ́ ìlù?

Mo wo Màámi. Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọn kì í parọ́, àní ti ọjọ́ orí. Wọn ò gbójú kúrò lórí irun tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní:

"Wọ́n ti san owó orí ẹ̀. Ó ń lọ sílé ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan kò sí níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Wọ́n ń jó, wọ́n ń súre, wọ́n ní ẹ̀yìn mi kò ní mọ ẹní, wọ́n ní ìbejì ni n ó fi ṣáájú. Mo ń ṣe àmín, àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Ní Sùúrùlérè, mo ti di aya ẹni tí kò sí, títí ọjọ́ tí n ó fi kú.

Màámi sìn mí dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọwọ́ wọn ṣì ń dán fún òróró irun. Mo rò pé wọ́n á gbàdúrà. Wọ́n tẹ orí mi wò, wọ́n ní ṣùkú náà á lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní: "Ìjọba á máa gba tiwọn lọ́dọọdún. Tèmi, Súńdè Súńdè ni. Má jẹ́ kí n wá ẹ wá."

Ọ̀la ni Súńdè.